Ẹ̀fọ́rí tí kì í tán bọ̀rọ̀, àti oògùn tá a fi ń lé e: ìdáhùn sí lẹ́tà yín

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́rí ló gba gbogbo àyè tó wà lóṣù yìí, torí lẹ́tà tó wọlé lórí ẹ̀ pọ̀ ju ti ibà àti ti inú rírun lọ. Ohun tó kọ mí lóminú ni pé ọ̀pọ̀ yín ti lo oògùn oríṣiríṣi tán kẹ́ ẹ tó rántí béèrè ohun tó ń fa ẹ̀fọ́rí ọ̀hún gan-an. Mo ti yọ orúkọ kúrò nínú lẹ́tà kálukú, mo sì gé àwọn tó gùn kúrú.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì wa. Aránṣọ ni mí, ọmọ ọdún 38. Orí ń fọ́ mi, kì í ṣe èyí tó ń lù gbì gbì o, ó máa ń dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀já di gbogbo orí mi yíká, á wá sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn. Tẹ́lẹ̀, tí iṣẹ́ ọdún bá pọ̀ ló máa ń ṣe mí, mo máa lo Panadol Extra méjì, á sì lọ. Láti bí ọdún Iléyá tó kọjá, ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó, nígbà míì mo máa ń lo Alábúkún mọ́ ọn, síbẹ̀ orí á ti máa fọ́ kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀. Wọ́n yẹ BP mi wò, ó dáa. Ṣé kí n wá oògùn tó lágbára jùyẹn lọ ni? Ẹnì kan ní kí n gbìyànjú Tramadol. — Aránṣọ kan, Ìbàdàn

Àǹtí mi, ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ kan Tramadol yẹn rárá. Ẹ̀fọ́rí méjì ló wà nínú lẹ́tà yín, èkejì ló sì ń dà yín láàmú jù báyìí. Àkọ́kọ́ ni ti iṣẹ́, èyí tó ń mú gbogbo orí àti ẹ̀yìn ọrùn le, òun ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo ẹ̀fọ́rí, kì í pa èèyàn, tẹ́ ẹ bá sinmi á lọ. Èkejì, oògùn tẹ́ ẹ fi ń lé àkọ́kọ́ ló bí i. Mo mọ̀ pé ó máa ṣòro fún yín láti gbà, torí ara máa ń tù yín díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lò ó, àmọ́ bó ṣe ń ṣe é náà nìyẹn: ọpọlọ ti mọ oògùn lára, tí agbára ẹ̀ bá wá ń tán nínú ẹ̀jẹ̀ lóru, orí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kẹ́ ẹ tó jí, ẹ ó tún lo òmíràn, ọ̀la á tún rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹni tó ń lo oògùn ojoojúmọ́ bá ti sọ fún mi pé ẹ̀fọ́rí ló ń jí òun láàárọ̀, ibẹ̀ ni ọkàn mi kọ́kọ́ máa ń lọ.

Àwọn dókítà ní òǹkà tí wọ́n fi ń mọ ẹ̀fọ́rí tí oògùn ń bí yìí. Tó bá jẹ́ paracetamol lásán tàbí ibuprofen, ẹni tó bá ń lò ó fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tó sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ ju oṣù 3 lọ, ti bọ́ sínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ oògùn àdàpọ̀, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó. Panadol Extra, paracetamol àti kafíìnì ló wà nínú ẹ̀, kafíìnì yẹn náà ló wà nínú kọfí àti obì. Alábúkún tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1918, tí àwọn ìyá ìyá wa lò tí àwa náà sì bá nílé, aspirin àti kafíìnì ni. Mi ò bú ìkankan nínú wọn o, wọ́n wúlò fún ẹni tó bá lò wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ àdàpọ̀ ni méjèèjì, ẹ̀yin sì tún ń da àdàpọ̀ pọ̀ mọ́ àdàpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ là ń kà, kì í ṣe iye hóró. Ẹni tó ń lo hóró kan péré lójoojúmọ́ lè kó sínú wàhálà yìí, kí ẹni tó lo méjì-méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó sì pa á tì má sì rí nǹkan kan.

Ti Tramadol, ìdílé kan náà ni òun àti codeine, ọjọ́ 10 lóṣù ni tiẹ̀ náà, àti pé ó máa ń di bárakú. Ẹni tó bá ti ń lò ó tipẹ́ ò gbọ́dọ̀ dédé já a sílẹ̀ fúnra ẹ̀, kó lọ bá dókítà kí wọ́n bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ò tíì débẹ̀, ẹ sì má débẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe nìyí. Ẹ wá ọ̀sẹ̀ kan tí iṣẹ́ ò ní pọ̀, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ aṣọ ẹbí, kẹ́ ẹ sọ fún àwọn ará ilé, kẹ́ ẹ wá pa gbogbo oògùn orí náà tì lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò ní tàn yín, ó máa kọ́kọ́ burú sí i ni, orí á fọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú lè máa rìn yín, oorun lè má dáa, ìyẹn lè gba ọjọ́ 2 sí 10. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sá padà sídìí oògùn. Ẹni tó bá fara dà á kọjá ibẹ̀, ẹ̀fọ́rí á bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra wọn, láàárín oṣù bíi méjì ẹ ó ti mọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ rí dókítà, torí wọ́n lè fún yín ní amitriptyline díẹ̀ tẹ́ ẹ ó máa lò lálẹ́, kì í ṣe oògùn ìrora bí ìyẹn, dídènà ló ń dènà ẹ̀fọ́rí. Ẹ sọ fún wọn náà pé ẹ ti ń lo aspirin ojoojúmọ́, tí inú bá ń ta yín tàbí tí ìgbẹ́ yín bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ má fi pamọ́, ìfun lè ti máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ wá mọ̀ pé paracetamol fúnra ẹ̀ ní ààlà, àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ lò ju hóró 8 ti 500mg lọ nínú wákàtí 24, ẹ̀dọ̀ ló máa ń bà jẹ́, ẹ̀dọ̀ kì í sì í pariwo títí á fi bà jẹ́ tán.

Lẹ́yìn náà ká wá bá ẹ̀fọ́rí àkọ́kọ́ jà níbi tó ti ń wá. Ẹ wo àga tẹ́ ẹ fi ń ránṣọ, tó bá kúrú jù, ẹ máa tẹ orí mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ni, iṣan ọrùn ò lè fara dà á. Ẹ gbé iná sún mọ́ ibi tí abẹ́rẹ́ wà. Kẹ́ ẹ máa dìde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ na apá, kẹ́ ẹ yí ọrùn díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kẹ́ ẹ mu omi, ẹ má sì jẹ́ kí kọ́sítọ́mà tó ń dúró de aṣọ gbàgbé yín sídìí ebi. Ọ̀rọ̀ ojú náà wà ńbẹ̀: ọmọ ogójì ọdún lẹ ń lọ, tẹ́ ẹ bá ti ń na ọwọ́ síwájú kẹ́ ẹ tó rí ojú abẹ́rẹ́, ó ti tó àkókò kẹ́ ẹ lọ yẹ ojú wò fún jígí ìkàwé, ojú tó ń fipá wo nǹkan lè mú orí fọ́ lójoojúmọ́.

Ẹ kú iṣẹ́ ma. Ọmọ ọdún 21 ni mí, yunifásítì n'Ífẹ̀ ni mo wà. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù, pàápàá tí nǹkan oṣù mi bá fẹ́ dé, mo máa kọ́kọ́ rí ìlà wọ́gọwọ̀gọ kan tó ń kọ mànà lójú fún bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà apá òsì orí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì kì kì, màá máa bì, mi ò ní lè wo iná, òórùn pọfíùmù gan-an á máa bí mi nínú. Ọjọ́ kejì ló máa ń tó lọ. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fún mi ní oògùn ibà àti taifọ́ọ̀dù. Màmá mi ní iṣẹ́ ayé ni, wọ́n ní kí n gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀rù ń bà mí ma. — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀

Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Túúlu lohun tó ń ṣe ẹ́, òun ni wọ́n ń pè ní migraine lọ́sibítù, gbogbo nǹkan tó o kà sílẹ̀ yẹn ló bá a mu. Apá kan orí, tó ń lù, pẹ̀lú èébì, tí ìmọ́lẹ̀ ò ṣeé wò, tí ariwo ò sì ṣeé gbọ́ sétí, tó ń gba wákàtí 4 sí 72 tí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀. Ìlà tó ń kọ mànà yẹn náà wà lára ẹ̀, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló ń fi nǹkan hàn ẹ́, ìgbì kan ló ń rìn kọjá lára ibi tó ń ríran nínú ọpọlọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó o bá tiẹ̀ dijú wàá ṣì máa rí i. Kì í sábà ju wákàtí kan lọ.

Lọ́rọ̀ ti màmá, mi ò ní sọ pé kí o má gbàdúrà, èmi náà ń gbàdúrà. Àmọ́ ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta fún ẹni tó ní túúlu, o ò ní mọ ìgbà tó máa gbé ẹ dé, torí ebi àti àìmumi wà lára nǹkan tó ń jí i. Bi màmá léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá orí ń fọ́ àwọn náà báyìí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tàbí ìyá wọn. Nínú ìdílé ló máa ń rìn, àwọn obìnrin sì ni ó ń ṣe jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọkùnrin, ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù sì wà lára ìdí ẹ̀. Mo ti rí i tí ìyá á dákẹ́ tá á ní "àní èmi náà máa ń wọ yàrá lọ dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn," ọ̀rọ̀ á sì tán níbẹ̀.

Ibà ńkọ́? Ibà ń mú orí fọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ìka ni wọ́n á gún, èsì á jáde kó tó pẹ́. Tí kò bá sí ibà nínú ẹ̀jẹ̀, má gba oògùn ibà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oògùn ibà ò ní mú túúlu lọ, nígbà tó bá lọ fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ kejì lo máa rò pé oògùn ló ṣiṣẹ́.

Tó bá ti ń bọ̀, má dúró kó le tán. Bí orí bá ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, jẹ nǹkan díẹ̀, kó o lo ibuprofen 400mg tàbí paracetamol hóró méjì, kó o lọ dùbúlẹ̀ síbi tó ṣókùnkùn. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú tàbí ikọ́ fée, ìyẹn asthma, kó fi ibuprofen sílẹ̀ títí á fi bá dókítà sọ̀rọ̀. Tí èébì kì í bá jẹ́ kí oògùn dúró nínú, dókítà lè fún ẹ ní èyí tó ń dá èébì dúró, ìgbà yẹn lèkejì á tó ríbi ṣiṣẹ́. Má jẹ́ kó ju ọjọ́ méjì lọ lọ́sẹ̀ o, ka ohun tí mo sọ fún aránṣọ lókè yẹn. Tó bá ti ń wá tó ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù tàbí tó ń gba ìdánwò lọ́wọ́ ẹ, oògùn wà tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ láti dènà ẹ̀, bíi propranolol, tí ẹni tó ní ikọ́ fée ò gbọ́dọ̀ lò, tàbí amitriptyline.

Fún oṣù méjì, kọ ọ́ sílẹ̀ sínú fóònù ẹ: ọjọ́ tó wá, ohun tó o jẹ àti èyí tó o ò jẹ, wákàtí tó o sùn, ọjọ́ nǹkan oṣù. Ohun tí mo ń retí pé o máa rí ni oorun tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ àti oúnjẹ àárọ̀ tí wọ́n fò, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fún àwọn ọmọ iléèwé. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mi ò gbọ́dọ̀ má sọ. Torí pé ò ń rí ìlà yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀, tó o bá lọ gba ìfètò-sọ́mọ-bíbí nígbàkúgbà, sọ fún wọn. Oògùn oníhóró tó ní ẹsítírójìnì nínú máa ń mú kí ewu rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i fún irú yín, wọ́n ní oríṣi míì tí kò ní i.

Ṣé òótọ́ ni pé gèlè lè mú orí fọ́? Ọkọ mi ní àwáwí ni mo ń ṣe tá a bá dé láti òde. — Ìyàwó ilé, Ìjẹ̀bú-Òde

Òótọ́ ni. Nínú ìwé tí àwọn dókítà àgbáyé fi ń ka oríṣiríṣi ẹ̀fọ́rí, àyè kan wà fún èyí tí nǹkan tó fún orí mọ́lẹ̀ ń fà, ibẹ̀ ni gèlè wà pẹ̀lú àṣíborí ọlọ́kadà. Àmì ẹ̀ ni pé kì í pé wákàtí kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tú u tó fi ń lọ. Irun tí wọ́n fà jù nídìí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí onídìrí sọ fún yín pé ẹ̀ẹ́ fara dà á di ọ̀la, ẹ ní kó tú iwájú ẹ̀ kó dẹ̀ ẹ́, torí ó tún ń jẹ irun iwájú orí lọ. Ẹ ra auto-gèlè tó bá yín lórí mu tàbí kẹ́ ẹ ní kí wọ́n wé e lókè díẹ̀ kúrò lórí iwájú orí.

Nọ́ọ̀sì, awakọ̀ ni mí, ọmọ ọdún 56, Òṣogbo sí Èkó. Mo ní BP. Tí orí bá ti ń fọ́ mi ni mo fi ń mọ̀ pé ó ti lọ sókè, màá lo oògùn ẹ̀, tí orí ò bá fọ́ mi, mi ò ní dààmú ara mi. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ẹ̀fọ́rí náà wá ń yàtọ̀. — Bàbá awakọ̀, Òṣogbo

Bàbá, ẹ kú ìrìn o. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi orí fífọ́ wọn BP mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sọ̀rọ̀, ó lè wà ní 160 fún ọdún mẹ́wàá kí orí má fọ́ yín lẹ́ẹ̀kan, kó sì máa jẹ kíndìnrín àti ọkàn lọ lábẹ́lẹ̀. Ìgbà tó bá ga gan-an, bíi 180/120 sókè, ló tó lè máa mú orí fọ́, tó bá wá dé ibẹ̀ pẹ̀lú àyà dídùn, ojú tó ń ṣú tàbí ọ̀rọ̀ tí kò já gaara, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni. Oògùn BP, ojoojúmọ́ ni, orí fọ́ o, kò fọ́ o. Ẹ̀rọ ló máa sọ iye tó wà fún yín, ẹ lọ wọ̀n ọ́n ní kẹ́mísì kó tó di pé ẹ kúrò ní páàkì.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́rí awakọ̀, oòrùn àti òùngbẹ ló ń fà á. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kì í mu omi kí ìtọ̀ má bàa máa gbọ̀n yín lọ́nà, ẹ ó wá fi pàràgà lé e, ọtí tún ń fa omi jáde lára. Ẹ mu omi, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ dúró ní Ṣágámù tàbí ibi tó bá rọ̀ yín lọ́rùn kẹ́ ẹ na ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi parí lẹ́tà yín ló gba ọkàn mi jù. Ẹ̀fọ́rí tuntun tó yàtọ̀, lára ẹni tó ti lé ní 50, a kì í fi paracetamol bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Tí ẹ̀bátí bá ń dùn yín tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, tí àgbọ̀n ń ro yín tẹ́ ẹ bá ń jẹ ẹran, tàbí tí ojú kan ṣú lójijì, ẹ má dúró de ọ̀la, ojú náà lè fọ́ pátápátá. Ẹ̀fọ́rí tó bá sì dédé dé, tó dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú kan, irú èyí tí èèyàn ò rí rí láyé ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹnu bá yí tàbí tí apá kan ara bá rọ. Kí ẹnì kan gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ ọsibítù ńlá lójú ẹsẹ̀, kó má fúnra ẹ̀ wa ọkọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú Ramadan, lọ́dọọdún, orí á máa fọ́ mi láti ọ̀sán títí di ìgbà tí mo bá ṣínu. Mo fẹ́ràn obì, mo sì máa ń mu kọfí láàárọ̀. Kí ni kí n ṣe? — Oníṣòwò kan, Ìlọrin

Alhaji, ẹ ti dáhùn ara yín. Ara tó ti mọ kafíìnì lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lójijì, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ láàárín wákàtí 12 sí 24, á le jù lọ́jọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, á sì máa rọlẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ kan tàbí ọjọ́ mélòó kan lé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló ń dà yín láàmú. Bí oṣù Ṣáábánì tó ṣáájú Ramadan bá ti wọ ìdajì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù: ife kan di ààbọ̀, obì tó jẹ́ mẹ́ta lójúmọ́ di méjì, di ọ̀kan. Kò ní dùn, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ó dé lójijì lọ.

Sààrì, ẹ má fò ó. Ẹ jẹ́ kó súnmọ́ àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ jẹ ẹ̀wà tàbí ẹyin mọ́ nǹkan tẹ́ ẹ bá ń jẹ, kí ẹ mu omi dáadáa láti ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣínu títí di ìgbà náà. Ẹni tó ní túúlu tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó bá dókítà àti àlùfáà ẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ààwẹ̀ tó dé, ẹ̀sìn fúnra ẹ̀ ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì tẹ́ ẹ ń gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà.

Ìyàwó mi lóyún oṣù mẹ́jọ. Orí ti ń fọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta, paracetamol ò gbé e, ẹsẹ̀ àti ojú ẹ̀ wú, ó ní òun ń rí nǹkan tó ń ṣẹ́jú lójú. Ìyá tó ń gbẹ̀bí ládùúgbò ní kó sinmi. — Ọkọ kan, Òǹdó

Nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ sísàlẹ̀ lẹ́tà yìí ni mo pè lọ́jọ́ tí mo kà á, mi ò dúró di ọjọ́ tí ìwé máa jáde. Mo tẹ ìdáhùn yìí síta torí àwọn ẹlòmíì.

Aboyún tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, tí orí ń fọ́ tí kò lọ, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí òkè inú ń dùn lábẹ́ ìhà, tàbí tí ojú àti ọwọ́ dédé wú, BP ni kí wọ́n wọ̀n kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá ti tó 140/90 sókè, ó lè jẹ́ ohun tó ń fa gìrì aboyún, tó ń pa ìyá àti ọmọ, ìsinmi ò sì lè wò ó. Lọ́sibítù wọ́n ní abẹ́rẹ́ magnesium sulphate tó ń dènà gìrì náà, wọ́n á mú BP wálẹ̀, wọ́n á sì mọ ìgbà tó yẹ kí ọmọ jáde. Lẹ́yìn ìbímọ náà ewu ẹ̀ ò tíì tán, títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyá ọmọ tí orí ń fọ́ gidigidi lẹ́yìn ìkómọ, ẹ má sọ pé àìsùn ọmọ ni, ẹ gbé e lọ kí wọ́n wọ̀n ọ́n.

Ọmọ ọmọ mi, ọdún mẹ́sàn-án, orí ló máa ń fọ́ ọ tó bá ti iléèwé dé. Mo fún un ní ààbọ̀ Alábúkún. Mo fẹ́ kí wọ́n sín in ní gbẹ́rẹ́ níwájú orí, bí wọ́n ṣe ṣe fún bàbá ẹ̀. — Màmá àgbà, Ṣakí

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má fún un ní Alábúkún mọ́, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé 16 ní nǹkankan tí aspirin wà nínú ẹ̀, pàápàá tí ara ẹ̀ bá gbóná, ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Paracetamol ti ọmọdé ni, kí kẹ́mísì wọ̀n ọ́n bó ṣe tẹ̀wọ̀n sí.

Gbẹ́rẹ́, mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n abẹ tó ti kan ẹlòmíì lè gbé àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí kòkòrò HIV wọ ara ọmọ, ojú ibi tí abẹ gé sì ni àrùn ipá (tetanus) ti ń wọlé. Kò sì ní ṣe nǹkan kan fún ohun tó ń fa ẹ̀fọ́rí náà.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ pé tó bá ti iléèwé dé, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú. Ẹ béèrè bóyá ó ń rí ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó, ẹ béèrè bóyá ó jẹun kó tó lọ, bóyá oòrùn ni wọ́n fi ń rìn wálé láìmu omi. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ní kò mọ̀wé, ojú ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú ẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ pé ara ń gbóná mọ́ ọn, àyẹ̀wò ibà. Ṣùgbọ́n tí ọrùn ẹ̀ bá gan tí kò lè tẹ àgbọ̀n kan àyà, pẹ̀lú ibà àti pé kò fẹ́ wo iná, àrùn yírùnyírùn lè ni, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Tó bá sì ń jí lóru torí orí, tó ń bì láàárọ̀ tàbí tó ń ta gọ́ọ̀gọ́ tó bá ń rìn, ẹ má fi falẹ̀.

Yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé, ní Muṣin. Láti ìgbà tí ará ilé wa ti gbé gẹ́n kékeré, àwọn "I better pass my neighbour" yẹn, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wa la ń jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí. Ìyàwó mi á bì. Tá a bá jáde síta, ó ń lọ. A ti lo oògùn ibà gbogbo wa. — Bàbá ọmọ méjì, Èkó

Bàbá, kì í ṣe ibà. Nígbà tí orí gbogbo ará ilé kan bá ń fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń lọ tí wọ́n bá ti bọ́ síta, èéfín ni. Gáàsì kan wà nínú èéfín gẹ́n, carbon monoxide lorúkọ ẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, epo tí ẹ ń gbóòórùn ẹ̀ yẹn nǹkan míì ni. Ó máa ń gba ipò atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀, orí á kọ́kọ́ máa fọ́, òòyì á dé, èébì, oorun á wá kun èèyàn, ẹni tó bá sùn lọ nínú ẹ̀ lè má jí mọ́. Gbogbo ìgbà là ń gbọ́ ọ pé odidi ìdílé sùn wọn ò jí. Ọmọdé àti aboyún ló ń tètè mú.

Gẹ́n ò gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní bálíkónì, ní kíṣìnì tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìta gbangba ni, ó kéré tán mítà 6 sí ilé, kí ẹnu ibi tó ń yọ èéfín kọjú síbòmíràn kúrò níbi wíńdò. Wíńdò tẹ́ ẹ ṣí ò tó. Ìkòkò èédú tí wọ́n ń gbé wọ yàrá nígbà òjò ń ṣe ohun kan náà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń lo bátìrì tó máa ń ké tí gáàsì yìí bá pọ̀, tẹ́ ẹ bá rí owó ẹ̀, ẹ rà á. Tí ẹnikẹ́ni bá dákú, ẹ gbé e síta kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun míì, kí ẹnì kan pa gẹ́n, kẹ́ ẹ gbé e lọ ọsibítù tó ní ọ́síjìn, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé èéfín gẹ́n ni kí wọ́n má bàa máa wá ibà kiri.

Ẹ fi ìwé yìí han ará ilé yín, kẹ́ ẹ bá a sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù torí òun àti àwọn ọmọ ẹ̀ náà ń mí in sínú. Ẹ má dúró de ìpàdé àwọn ayálégbé tàbí kí lánlọ́ọ̀dù dé. Lónìí ni kẹ́ ẹ gbé e kúrò, tí kò bá sí àyè míì nínú kọ́ńpáǹdù, kí ó wà ní pípa, kẹ́ ẹ sùn nínú ooru.